Iṣẹ́ Tí Wọ́n Kọ Sẹ́yìn Ajá

3

…àti pé ajá kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni wọ ibi tí ìkòkò bá wà. Ẹni tó bá rú òfin yìí yóò máa jẹun níta pẹ̀lú ajá rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo fà á ya lára ilẹ̀kùn kàfé, ilé ìjẹun wa. Nọ́ńbà kìn-ín-ní àti ìkejì kù sára ilẹ̀kùn náà. Inú ló bí mi.

4

Èmi ni mo ń kó àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ. Mosúnmọ́lá lorúkọ mi. Ọmọ Ọ̀rà ni mí, mo wà ní ọdún kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ kan ní Ìlá.

Nọ́ńbà tí ẹ bá wá tí ẹ ò rí, kì í ṣe pé mo fi pa mọ́ o. Mi ò sí níbẹ̀ ni. Ara mi wà níbẹ̀. Èmi ò sí.

5

Ajá mi ń jẹ́ Tèmiyémi.

Ìyá àgbà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan ń gbé ní ìkejì ilé wa ní Ọ̀rà tí kì í jẹ́ kí èèyàn sinmi. Kí lẹ sè? Ta ló wá sọ́dọ̀ yín? Kí ló dé tí ọmọ yín ò wá sí ìsìn? Ìyá àgbà ò bá a jà. Wọ́n gba ọmọ ajá kan lọ́wọ́ ọdẹ, wọ́n sọ ọ́ ní Tèmiyémi, wọ́n wá ń pè é wá jẹun láràárọ̀. "Tèmiyémi! Tèmiyémi o! Bọ̀ wá jẹun!" Obìnrin náà gbọ́. Bí a ṣe ń sọ ajá lórúkọ nílé wa nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó kọ́ ajá yìí níṣẹ́. Òun fúnra ẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Tí nǹkan yẹn bá fẹ́ gbé mi, Tèmiyémi á ti mọ̀ kí èmi tó mọ̀. Á wá jókòó sórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì, á gbé àgbọ̀n lé mi lórúnkún, kò ní dìde. Ẹ lù ú, kò ní dìde. Èmi á yáa wá ibi tí mo máa dùbúlẹ̀ sí, kúrò níbi iná, kúrò níbi omi, kúrò lójú èèyàn.

Nǹkan yẹn: wárápá.

Ó tán. Mo ti sọ ọ́. Ẹ má sọ fún Peace.

6

Peace la jọ ń gbé yàrá. Ó máa ń wọ bàtà mi, ó máa ń fi kóòmù mi yarun láì béèrè. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ kó mọ̀ gan-an nìyẹn.

7

Ohun tí wọ́n fi kọ́ mi nípa wárápá:

Itọ́ tó ń hó lẹ́nu ẹni tó gbé ṣubú, tó bá fi lè kàn ọ́, o ti kó o.

Má fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tó ṣubú sí.

Má bá a jẹun nínú abọ́ kan.

Má fẹ́ ẹ.

Nọ́ọ̀sì kan sọ fún màmá mi pé kò sí òótọ́ kankan níbẹ̀, pé wárápá kì í ràn, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Màmá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ títí. A gba oògùn. Oògùn náà dín in kù, kò pa á. Nígbà tí a délé, màmá mi fi ife mi sọ́tọ̀.

8

ÌFILỌ̀

ÌLÀNÀ TUNTUN LÓRÍ ẸRANKO AṢÈRÀNWỌ́ NÍNÚ ILÉ ÌJẸUN

i. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara. A ti fagi lé ìfilọ̀ ìṣáájú, èyí tí ẹnì kan fà ya.

ii. Ẹranko tó bá ń ṣe iṣẹ́ kan pàtó fún ẹni tó ni ín lè wọ ilé ìjẹun. Ẹran ọ̀sìn lásán kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.

iii. A ó kọ iṣẹ́ tí ẹranko náà ń ṣe sára ẹ̀wù pupa, ní lẹ́tà gàdàgbà, a ó sì wọ̀ ọ́ fún un, kí gbogbo ẹni tó ń jẹun lè kà á, kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

iv. Ẹranko kò gbọdọ̀ kọjá ìlà funfun tó wà níwájú ilé ìdáná.

v. Ẹranko kò gbọdọ̀ gbó, kò gbọdọ̀ tọrọ ẹran, kò sì gbọdọ̀ fara kan oúnjẹ.

vi. Òfin yìí kò bá ológbò ilé ìdáná wí.

*Dókítà Alfred Ayọ̀ọlá, Díìnì Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́*

9

Kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

Tèmi ńkọ́?

10

Ọ́fíìsì Díìnì. Fóònù mi ló gba ohùn wa sílẹ̀. Gbogbo nǹkan ni mo máa ń gbà sílẹ̀, torí mi ò lè gbára lé orí ara mi. Màmá Esther tí ẹ máa gbọ́ ohùn wọn yìí ni ọ̀gá ilé ìjẹun.

DÍÌNÌ: Jókòó, Mosúnmọ́lá. Ṣé o ti rí i pé mo jà fún ẹ?

MOSÚN: Mo rí i, sà. Ẹ ṣé gan-an ni, sà.

DÍÌNÌ: Wọn ò fẹ́ rárá o. Obed Bámgbóyè kọ ìwé ẹ̀hónú, ìdajì kíláàsì yín ló bu ọwọ́ lù ú. Mo ní rárá, òfin ni òfin.

MÀMÁ ESTHER: Ẹ bi í bóyá ajá náà ní sátífíkéètì.

DÍÌNÌ: Ṣé ó ní?

MOSÚN: Ọ̀rà ló dàgbà sí, sà.

MÀMÁ ESTHER: Ṣé kò sí ilé-ìwé ní Ọ̀rà ni?

MOSÚN: Ó wà, mà. Wọn kì í gba ajá.

DÍÌNÌ *(wọ́n ń rẹ́rìn-ín)*: Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Ìbéèrè kan ló kù. Iṣẹ́ wo ni ajá yìí ń ṣe fún ẹ?

*(Àga ń dún.)*

DÍÌNÌ: Sọ ọ́, má bẹ̀rù. Ohun tá a máa kọ sí i lẹ́yìn nìyẹn.

MÀMÁ ESTHER: Sọ̀rọ̀ jàre, ọbẹ̀ mi wà lórí iná!

MOSÚN: Ojú ni, sà.

DÍÌNÌ: Ojú?

MOSÚN: Ojú mi máa ń ṣe bàìbàì. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń mú mi lọ.

DÍÌNÌ: Áà! Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Kí ló dé tó ò sọ látọjọ́ yìí?

11

A  J  Á      O  J  Ú

12

Ṣé ẹ ti ṣe ẹni tí ò ríran rí nígbà tí ẹ ń ríran kedere? Iṣẹ́ ńlá ni o. Mò ń fi ẹsẹ̀ kọ àga tí mo ti rí láti ẹnu ọ̀nà. Mò ń bi ẹni tó wà níwájú mi pé kí ni wọ́n sè lónìí, ẹ̀wà náà sì ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Mi ò lè ka fóònù mi ní kàfé mọ́. Tèmiyémi tí kò mú ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan rí láyé ẹ̀, èmi ni mò ń fà á lókùn, mo sì ń ṣe bí ẹni pé òun ló ń fà mí.

Ṣé wọ́n ń wò mí?

Wọ́n ń wò mí.

Kò sẹ́ni tó fura. Ẹ̀wù pupa ni gbogbo wọn ń kà.

13

PEACE: Mosún o!!!

PEACE: Màmá Esther ń bínú sí ẹ gidi gan-an

MOSÚN: Kí ni mo ṣe?

PEACE: Wọ́n ní ajá lo fi ń bú àwọn. Tó o bá ti wọlé, Tèmiyémi, Tèmiyémi. Wọ́n ní ta ló bi ẹ́ léèrè tìẹ?

MOSÚN: Orúkọ ajá ni!!

PEACE: Wọ́n ti sọ ológbò ilé ìdáná lórúkọ

MOSÚN: Kí ni wọ́n sọ ọ́?

PEACE: Mòńwòyín

PEACE: Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń ro mí

15

Mẹ́rìnlá ò sí.

Ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ ni mo wà nígbà tí mo padà dé. Tèmiyémi wà lórí ẹsẹ̀ mi. Peace ń gbá ilẹ̀kùn pé kí ló dé tí omi ń dà láti àárọ̀. Mo ní ọṣẹ ló yọ̀ mí. Ó ní pẹ̀lẹ́, kí n rọra. Peace ti jáde ní yàrá kí n tó lè dìde.

16

Ó yẹ kí n sọ ti Obed báyìí.

Obed Bámgbóyè, ọmọ Ire, àwa méjèèjì la jọ wà ní kíláàsì. Òun ló ń darí àdúrà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìjọ. Lọ́sàn-án, ó máa ń bá Màmá Esther dín dòdò nílé ìdáná. Òun náà ló kọ ìwé ẹ̀hónú nípa ajá mi, ó sì kọ ọ́ dáadáa, kí n má purọ́. Ó ní ajá tó ń lá abẹ́ ara ẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe níbi tí wọ́n ti ń bu ọbẹ̀.

Nígbà tó ka AJÁ OJÚ, ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí.

"Mosún, jọ̀ọ́, má bínú. Mi ò mọ̀ pé ojú ni. Mo rò pé fáàrí ni."

Látọjọ́ náà ni Obed ti ń gbé oúnjẹ wá fún mi. Ó ń ka ohun tó wà nínú abọ́ sí mi létí bí ẹni ń ka Bíbélì. Ó ń ṣa egungun ẹja kúrò kó má baà há mi lọ́fun. Lọ́jọ́ kan, abọ́ kan péré ló mú wá. Ó ní abọ́ ti tán, ṣé ká jọ jẹ ẹ́. Kí n tó dáhùn, ó ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

A jọ jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin ò lè mọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ife mi sọ́tọ̀, kò sẹ́ni tó bá mi jẹun nínú abọ́ kan. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá lásán ni, kò tilẹ̀ níyọ̀. Omi bọ́ lójú mi. Obed ní ṣé ojú náà ló ń dùn mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

A tún fi abọ́ kan jẹun lọ́jọ́ kejì, abọ́ sì pọ̀ lọ́jọ́ náà.

17

Ajá mi jókòó sórí ẹsẹ̀ Obed.

18

Mo rò pé ó ṣìnà ni. Mo rò pé tèmi ló ń bọ̀. Mo sáré lọ sẹ́yìn táǹkì omi, mo dùbúlẹ̀, mo di ojú, mo ń retí ẹ̀.

Kò wá.

Mo padà wọlé. Obed ti fi orí lé tábìlì. Ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ti tutù fún òógùn. Tèmiyémi ò tíì dìde lẹ́sẹ̀ ẹ̀.

"Oorun ló gbé mi lọ," ó ní. Ó nu ẹnu, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. "Ahọ́n mi náà tún ti bó. Mo máa ń jẹ ẹ́ lójú oorun. Láti kékeré ni, nílé wa ní Ire."

"Kí ni màmá ẹ sọ?"

"Wọ́n ní oúnjẹ ojú àlá ni mò ń jẹ. Pé àwọn kan ló ń fún mi jẹun lójú oorun. Mo ti wà lórí ààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, mi ò sì í sùn lóru mọ́. A máa ṣẹ́gun, lágbára Ọlọ́run."

Ó la ẹnu hàn mí, ó tún rántí pé mi ò ríran, ó pa á dé. Àmọ́ mo ti rí i. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ni tèmi náà ti máa ń bó.

Ààwẹ̀. Àìsùn. Nǹkan méjì tí nọ́ọ̀sì ní kí n má dán wò láéláé.

19

*(Èmi ni mo kọ èyí fún un. Kò mọ̀wé.)*

Orúkọ mi ni Tèmiyémi. Wọ́n ní ojú ni iṣẹ́ mi. Irọ́ ni. Imú ni. Òórùn kan wà tó máa ń ṣáájú nǹkan náà. Níbi tí òórùn yẹn bá ti ń jáde ni mo máa ń jókòó lé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ara ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ ti máa jáde.

20

MOSÚN: Obed, jọ̀ọ́ má dúró nídìí agbada òróró fún ìgbà díẹ̀

OBED: Kí ló dé?

MOSÚN: *[O ti pa àtẹ̀jíṣẹ́ yìí rẹ́]*

MOSÚN: *[O ti pa àtẹ̀jíṣẹ́ yìí rẹ́]*

MOSÚN: Òróró gbígbóná ò dáa fún awọ ara

OBED: Hahaha. Ṣé ojú ẹ ti là ni tó o fi ń rí awọ mi?

MOSÚN: *[O ti pa àtẹ̀jíṣẹ́ yìí rẹ́]*

MOSÚN: Jẹun. Sùn. Fi ààwẹ̀ yẹn sílẹ̀

OBED: Áà, Mosún. Ta ló rán ẹ sí mi?

OBED: Ọjọ́ Ẹtì la máa parí ẹ̀. Bá mi gbàdúrà

MOSÚN: *[O ti pa àtẹ̀jíṣẹ́ yìí rẹ́]*

21

Mo sọ ọ́ fún màmá mi. Ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ padà nìyí:

"Mosúnmọ́lá, gbọ́ mi. Ọmọ ọlọ́mọ lò ń sọ yẹn o. Ọlọ́run tó dá a á ṣọ́ ọ. Tó o bá sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀, wọ́n á bi ẹ́ bó o ṣe mọ̀. Kí lo máa wí? Tó bá ti jáde lẹ́nu, kò ṣe é kó padà mọ́. Ta ló máa fi ẹ́ ṣaya? Èmi ni mo bí ẹ, mo mọ ojú tí wọ́n fi wò mí ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó kọ́kọ́ gbé ẹ. Fi ọ̀rọ̀ náà sínú. Ṣé o ti jẹun? Ṣé o ti lo oògùn?"

Mo ti jẹun. Mo ti lo oògùn.

22

Ọjọ́ Ẹtì. Kàfé kún fọ́fọ́. Dòdò ni wọ́n ń dín. Mo wà lórí ìlà, mò ń ṣe ojú mi bàìbàì, ni Tèmiyémi bá yọ ọrùn kúrò nínú okùn. Ó kọjá ìlà funfun. Kò wo ẹran, kò wo ológbò. Ó lọ tààrà sídìí agbada.

MÀMÁ ESTHER: Háà! Ta ló ni ajá yìí? Ẹ lé e!

MOSÚN: Tèmiyémi! Tèmiyémi, wá!

MÀMÁ ESTHER: Tèmi náà yé mi! Wá mú ajá ẹ kúrò nídìí iná mi!

OBED: Ẹ má lù ú, mà. Ó ti jókòó lé mi lẹ́sẹ̀ ni. Kò jẹ́ kí n rìn. *(Ó ń rẹ́rìn-ín.)*

OHÙN KAN: Ó ti rí àǹjọ̀nú!

OHÙN MÌÍRÀN: Ajá máa ń rí wọn o! Ẹ sá!

MÀMÁ ESTHER: Kí ni ajá ojú ń wá lẹ́sẹ̀ ẹni tí ojú ẹ̀ là kedere?

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Ẹ wò ó, mo rò ó. Mi ò ní tan yín. Mo dúró síbẹ̀, mo rò ó dáadáa. Mo ro Peace. Mo ro abọ́ kan yẹn. Mo ní bóyá kò ní gbé e. Mo ní bóyá Màmá Esther á lé ajá náà lọ, Obed á dín dòdò ẹ̀ tán, àwa méjèèjì á jókòó, a á jẹun. Èéfín ń jáde lórí òróró náà. Obed ṣì ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú ẹ̀ ti fẹ́ máa lọ síbì kan.

Mo sáré. Mo gba àárín àwọn àga kọjá, mi ò fẹsẹ̀ kọ ọ̀kankan.

MOSÚN: Wárápá ni! Ajá wárápá ni! Èmi ni mo ní in! Ẹ fa Obed kúrò nídìí iná!

23

*(Peace ló sọ èyí. Ẹnu ọ̀nà yàrá ló dúró sí. Kò wọlé.)*

"Mo rí ẹ tó ò ń sáré. Mo rò pé iṣẹ́ ìyanu ni, mo tiẹ̀ pariwo pé ojú ẹ ti là. O fa ṣẹ́ẹ̀tì Obed látẹ̀yìn, ẹ jọ ṣubú lórí sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gbogbo wa sá jáde. Màmá Esther náà sá, bàtà wọn kan kù sínú ilé ìdáná. Ojú wíńdò la ti ń wò yín. O yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, o fi orí ẹ̀ lé itan. Itọ́ ń hó sí ẹ lọ́wọ́, o ò nù ún. Ò ń bá a sọ̀rọ̀. Kí lò ń sọ fún un?"

"Mo ní kó má bẹ̀rù, ó ń tán lọ."

"Mosún, ìgbà wo lo fẹ́ sọ fún mi?"

Peace tẹ̀ ba, ó gbé kóòmù mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ.

24

*Láti orí fóònù, níbi tí gbogbo kíláàsì wa ti jọ ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́:*

— Abọ́ kan ni wọ́n fi ń jẹun o. Mo fojú mi rí i

— Ó ti kó o ràn án

— Ọmọkùnrin tó ń dín dòdò jẹ́jẹ́ ẹ̀

— Ajá yẹn ló gbé e láti ara ẹ̀ wá sára Obed. Ṣé ẹ ò rí bó ṣe jókòó lé e lẹ́sẹ̀?

— Hẹ̀n-ẹ́n! Òótọ́ ni o

— Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi abọ́ kàfé jẹun, ẹ yáa lọ gbàdúrà

— Ó tún purọ́ pé ojú ni. Ènìyànkénìyàn

Mo ka gbogbo ẹ̀ láti òkè délẹ̀, mo wá ẹnì kan tó máa sọ pé òróró gbígbóná ò jó Obed. N ò rí i.

25

ÌFILỌ̀ PÀJÁWÌRÌ

A ti ti ilé ìjẹun títí a ó fi fi omi gbígbóná àti oògùn apakòkòrò fọ gbogbo abọ́, ife àti ṣíbí. Ẹni tó bá ní abọ́ tirẹ̀ kí ó máa mú un bọ̀. Ìlànà lórí ẹranko aṣèrànwọ́ dúró ná, títí ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ yóò fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. A pe Mosúnmọ́lá àti Obed Bámgbóyè láti wá wí tẹnu wọn.

27

Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ò sí. Mo ti retí pé kò ní sí. Èmi náà ò sùn.

28

Ẹnì kan pè mí láti Ire.

ÌYÁ OBED: Ṣé ìwọ ni Mosúnmọ́lá?

MOSÚN: Èmi ni, mà. Ẹ káàsán, mà.

ÌYÁ OBED: Kí lo fún ọmọ mi jẹ?

MOSÚN: Mà, òun ló máa ń gbé oúnjẹ wá.

ÌYÁ OBED: Kí lo fún un jẹ? Nǹkan kan ò ṣe ọmọ mi rí láti ọjọ́ tí mo ti bí i! Oúnjẹ ojú àlá ló máa ń jẹ, ìyẹn náà la ti ń gbàdúrà sí.

MOSÚN: Mà, tó bá ti jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé ibùsùn ẹ̀ máa ń tutù? Ṣé orí máa ń fọ́ ọ láàárọ̀?

ÌYÁ OBED: Ta ló sọ fún ẹ?

*(Wọ́n ti gé e.)*

29

Ọ̀rọ̀ náà kò le.

Tí Obed bá sọ fún ìgbìmọ̀ pé láti kékeré ni òun ti ń jẹ ahọ́n lójú oorun, wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe inú abọ́ mi ló ti bá a. Màá dúró, ajá mi á dúró. Àmọ́ Obed á di ẹni tó ní in, títí ayé, bíi tèmi.

Tó bá sọ pé lẹ́yìn tí a jọ jẹun ló bẹ̀rẹ̀, á di ẹni tí nǹkan kàn ràn. Wọ́n á gbàdúrà fún un, wọ́n á wẹ̀ ẹ́ mọ́. Èmi á di ẹrù mi, n ó padà sí Ọ̀rà.

Mi ò lè bú u tó bá purọ́. Èmi ni mo sọ pé ojú ni. Àmọ́ mo fẹ́ ka ìwé mi o, Ọlọ́run mi, mo fẹ́ kà á parí.

30

Yàrá ìpàdé. Wọn ò jẹ́ kí Tèmiyémi wọlé. Wọ́n so ó mọ́ igi máńgòrò níta. Obed jókòó sí iwájú mi. Ó ti rù. Wọ́n fi àga tó ṣófo sáàárín èmi àti àwọn yòókù.

DÍÌNÌ: Obed, fara balẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí ẹ. Ìgbà wo ni nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀ lára ẹ?

MÀMÁ ESTHER: Ṣé kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jẹun ni, àbí lẹ́yìn ẹ̀? Sọ ọ́, ọmọ mi. A ti mọ̀ ná, ẹnu ẹ la ti fẹ́ gbọ́ ọ.

DÍÌNÌ: Màmá Esther, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fúnra ẹ̀.

OBED: Sà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi í ní nǹkan kan.

DÍÌNÌ: Bi í.

OBED: Mosún.

MOSÚN: Obed.

OBED: Tó bá ti ṣe èèyàn báyìí… ṣé ó tún máa ń padà wá?

Ohùn ẹ̀ kéré. Kò wo Díìnì, kò wo Màmá Esther. Ó ń wò mí bí ọmọdé ṣe ń wo nọ́ọ̀sì tó mú abẹ́rẹ́ dání. Ìgbà yìí ni mo wá mọ̀ pé kò ro ti ìgbìmọ̀ rárá. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Mo fẹ́ sọ pé rárá.

Níta, ajá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Láti ọjọ́ tí a ti gbà á lọ́wọ́ ọdẹ, mi ò gbọ́ kí Tèmiyémi gbó báyìí rí. Ó ń já okùn náà. Igi máńgòrò ń mì, a ń gbọ́ ewé ẹ̀.

Ẹnì kan ní kí wọ́n lọ pa á lẹ́nu mọ́.

Mo ti àga tó ṣófo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo di ọwọ́ Obed mú. Kò gbà á kúrò. Nǹkan yẹn ń bọ̀, mi ò sì mọ èwo nínú àwa méjèèjì ni ajá náà ń pè.